Ọrun Àkọ́fà Kì í Ṣe Bàtà Àràsílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí ọrun fi ń di ọ̀pá, tí ọsán rẹ̀ kò sì já rárá: kí a gbé ọrun tí ó le ju agbára ọmọ lọ lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó fà á títí kí ó má lè fà á, kí ó gbé e ti ògiri, kí ó má sì tún pa dà sí ìdí rẹ̀ mọ́. Irú ọrun bẹ́ẹ̀ kò sàn ju ọ̀pá tí a fi ń ti ilẹ̀kùn lọ. Ẹni tí ó sì sọ ọ́ di ọ̀pá kì í ṣe ọmọ tí kò lè fà á, bí kò ṣe àgbàlagbà tí ó yàn án fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Dakace gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Zaria lọ sí Jos ni Dakace wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ bá ti kórè ọkà bàbà tán ní agbègbè Zaria, ojú a máa ríran jìnnà lórí pápá. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí a ti lè kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ọfà títa kò ní láti wá a lọ sí òkè òkun. Ọrun kì í sì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Baka ni àwọn Haúsá ń pe ọrun, kibiya ni wọ́n ń pe ọfà, àwọn tafàtafà ni wọ́n sì ń pè ní 'yan baka. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti kí a yan ọrun àkọ́kọ́ fún ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ọfà títa, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣìnà. Èyí ń wí pé kí a ra èyí tí ó le, kí ọmọ lè bá a dàgbà. Èyí ń wí pé ẹni tí kò bá lè fa ọrun líle, kí ó lọ máa ta ayò. Òmíràn sì ń wí pé kí a má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá títí ọrun òyìnbó yóò fi dé.

Ti bàtà ni ó gbajúmọ̀ jù. Gbogbo ẹni tí a bí sí ilé tí owó kò ti pọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá a ra bàtà tí ó fi ìka méjì gùn ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ, ìyá a ki àkísà bọ iwájú rẹ̀, ọmọ a sì máa wọ́ ọ nílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi bá a. Aṣọ ilé-ìwé ńkọ́? Bákan náà ni: a ká etí rẹ̀ sókè ní ọdún kìn-ín-ní, a tú u sílẹ̀ ní ọdún kejì. Ọgbọ́n òbí tí ó mọ iyì owó ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni a óò kì bọ inú ọrun? Àkísà wo ni yóò sọ ọrun kílò 20 di ti kílò 6 títí apá ọmọ yóò fi gbó? Bàtà tí ó tóbi a máa dúró de ẹsẹ̀. Ọrun tí ó le kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni ó ti ń kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Ẹ wo bí ó ti ń rí. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ ọdún 12 kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì gbé ọrun àgbàlagbà fún un. Iṣan ẹ̀yìn ni a fi ń fa ọrun, kì í ṣe iṣan apá nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọmọ yìí kò ì tí ì lè ṣe iṣẹ́ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ó ń fi gbogbo ara jà. Èjìká tí ó fi gbé ọrun dúró a gòkè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Àyà rẹ̀ a yọ síwájú, ìbàdí a yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí ó ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Kí ọwọ́ tí ó fi fa ọsán tó dé abẹ́ àgbọ̀n, ó ti ń gbọ̀n. Kò sí àyè láti wo àmì. Ó kàn ń wá bí yóò ti jọ̀wọ́ ọsán kí ọsán tó já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ọsán gbá a ní apá, ibẹ̀ wú. Ní ọjọ́ kejì ó ti mọ̀ pé bí òun bá fà á yóò dun òun, nítorí náà ó tún yára jọ̀wọ́ rẹ̀ ju ti àná lọ. Bí oṣù kan bá fi kọjá báyìí, ohun tí ọmọ náà kọ́ kì í ṣe ọfà títa. Ẹ̀rù ọsán ni ó kọ́.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò wá mi orí, yóò ní ọmọ náà kò ní ẹ̀bùn rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu olùkọ́, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó burú tó èyí, nítorí ọmọ kò lè dá a lóhùn, kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Ta ni yóò yẹ ọrun wò, kí ó wí pé ọrun ni kò ní ẹ̀bùn?

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ yìí, kí ó lọ wo egungun, nítorí egungun kì í purọ́. Ní 1545, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Mary Rose rì sínú òkun. Ní 1982 ni wọ́n gbé e jáde. Ọrun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ lé ní 130, igi wọn sì ṣì wà ní pípé. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ṣírò rẹ̀ pé fífa púpọ̀ nínú wọn ń béèrè agbára tí ó lé ní kílò 45, àti pé òmíràn tó kílò 80. Àwọn onímọ̀ tún yẹ egungun àwọn ọmọ ogun tí ó bá ọkọ̀ náà lọ wò. Ṣóńṣó egungun èjìká wà tí ó yẹ kí ó so pọ̀ mọ́ ìyókù kí ènìyàn tó pé nǹkan bí ọdún 25. Nínú wọn, a rí i tí kò so pọ̀ lára iye ènìyàn tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ náà ṣe ni pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ fífa ọrun líle láti kékeré ni ó fà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn wá láti ilẹ̀ tí a ti ń kọ́ ọmọdé ní ọfà títa ní ìpele-ìpele. Kí ni yóò wá ṣe ọmọ tí a gbé ọrun àgbàlagbà fún lójijì ní ọjọ́ kan ṣoṣo?

Nípa ìpele-ìpele yìí, ẹ̀rí kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ mọ̀. Ní 1549, àlùfáà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hugh Latimer wàásù níwájú Ọba Edward Kẹfà, ó sì ròyìn bí bàbá òun ṣe kọ́ òun ní ọfà títa nígbà èwe. Ó ní bàbá òun a máa ra ọrun fún òun gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti agbára òun ti mọ. Bí agbára sì ti ń pọ̀ sí i ni ọrun ń tóbi sí i. Àgbẹ̀ ni bàbá náà. Kò ka ìwé nípa bí a ti ń kọ́ ọmọdé, kò sì ní ìwé-ẹ̀rí kankan lára ògiri. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ọmọ ni a ń wọn kí a tó yan ọrun, a kì í yan ọrun tán kí a tó máa wá ọmọ tí yóò bá a mu. Ṣé àgbẹ̀ ayé ìgbà náà ni yóò wá mọ iṣẹ́ olùkọ́ ju ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ lọ?

Ó tilẹ̀ yẹ kí a má máa wá ẹ̀rí lọ sí òkèèrè tó bẹ́ẹ̀. Ọmọdé tí ó fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ àti okùn ṣe ọrun láti máa fi lé alángbá kiri ẹ̀yìnkùlé ti mọ òfin yìí kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Igi tí apá rẹ̀ lè tẹ̀ ni ó ń gé. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, igi tí ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni yóò gé. Àgbàlagbà ni ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú nígbà tí owó bá ti wọ̀ ọ́.

Ti àwọn tí ń fi ọrun líle ṣe ẹ̀rí ọkùnrin kò tilẹ̀ ní pẹ́ púpọ̀. Wọn kì í béèrè bóyá ọfà ba àmì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bí ọrun ti le tó. Ó dára, kí wọ́n gbọ́ èyí. Ní 1972 ni ọfà títa tún pa dà sínú eré Òlíḿpíìkì lẹ́yìn ọdún 52 tí a ti pa á tì, ní 1988 ni a sì fi ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ kún un. Láti ọdún náà títí di ti Paris ní 2024, àwọn obìnrin Gúúsù Kòríà ni wọ́n ń gba wúrà ìdíje ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ìgbà 10 léraléra, kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó tọ́ ọ wò. Ọrun tí àwọn obìnrin ń fà níbẹ̀ kì í sábà le tó ti àwọn ọkùnrin, ṣùgbọ́n mítà 70 náà ni tọkùnrin tobìnrin ń dúró sí. Ní Kòríà, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọmọ, ìdúró àti fífa rọ́bà lásán ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọfà lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi agbára yangàn, kí ó lọ gbé odó.

Báwo ni a ó wá ṣe yàn án? Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí àwọn oníṣòwò ti ń mú un le. A kọ́kọ́ wọn ọmọ. Kí ó na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí a fi okùn wọ̀n láti ṣóńṣó ìka àárín ti ọ̀tún dé ti òsì, kí a sì pín iye náà sí ọ̀nà 2 àti ààbọ̀. Ọmọ tí nínà apá rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 ni yóò máa fa ọfà dé. Ọfà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìka mẹ́ta ó kéré tán gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọfà tí ó kúrú lè bọ́ sẹ́yìn ọwọ́ tí ó gbé ọrun, kí ó sì gún un. Agbára ọrun ni ó kàn. Lára ọrun òyìnbó, a máa ń kọ ọ́ sí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àmì "lbs": 20 lbs jẹ́ kílò 9. Ẹ kíyè sí i pé fífà tí ó dé sẹ̀ǹtímítà 71 ni a fi ń wọn agbára tí a kọ síbẹ̀; ọmọ tí apá rẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀ kò ní rù tó iye náà. Ọmọ ọdún 10 sí 12, kílò 5 sí 7 tó o. Ọ̀dọ́langba, kílò 7 sí 9. Ọkùnrin tí ó ti géńdé, tí ó sì ń kọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ó má kọjá kílò 12, bí ó ti wù kí àyà rẹ̀ fẹ̀ tó.

Ọrun tí a kò kọ nǹkan sí lára ńkọ́, irú èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́? Ta ni kò mọ òṣùwọ̀n oníkọ́ tí àwọn ọlọ́jà fi ń wọn ẹrù, tí a ń gbé kọ́ sókè? Kí a fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ọsán, kí a rọra fà á títí yóò fi dé ìwọ̀n apá ọmọ, kí a sì ka iye kílò tí ó bá fi hàn. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rí tí ó ju òṣùwọ̀n lọ: kí ọmọ fa ọrun náà dé abẹ́ àgbọ̀n láìsí ọfà, kí ó dúró, kí a ka 10, kí ó sì dá a pa dà jẹ́jẹ́. Bí èjìká rẹ̀ bá gòkè, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, ọrun náà kì í ṣe tirẹ̀. Dídá a pa dà jẹ́jẹ́ ni a wí o. Ẹni tí ó bá jọ̀wọ́ ọsán lásán láìsí ọfà nínú rẹ̀, ọrun ni yóò gba gbogbo agbára náà sára, ó sì lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú àti ọwọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni àṣà máa ń dí wa lọ́wọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní ojú kan tí ó ń ṣáájú ìkejì. Kí ọmọ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, kí ó la ojú méjèèjì wo igi kan nínú ihò náà, kí ó wá máa fa ọwọ́ bọ̀ wá sí ojú láìgbé ojú kúrò lára igi náà. Ojú tí ihò bá bọ́ sí ni ó ń ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ojú òsì, yóò rọrùn fún un láti fi ọwọ́ òsì fa ọsán, kí ó sì fi ọ̀tún gbé ọrun. Níbí ni ìyá yóò ti pariwo. Òtítọ́ ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣùgbọ́n àmì tí a gbé sí orí pápá kì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọrun òyìnbó ni a gbẹ́ ibi ìgbọ́fàlé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tí ó bá ti ra ti ọ̀tún fún ọmọ olójú òsì ti ra ìdààmú sílé. Ọrun onígi kan ṣoṣo ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní wàhálà yìí: tọ̀tún tòsì ni a lè fi ta á.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti rí àwòrán ọrun onírin tí ó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké ní orí méjèèjì yóò ní òun ni àwọn fẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Holless Wilbur Allen, ni ó ṣe é; ní 1969 ni ìjọba wọn fún un ní ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀. Ohun àrà ni, kò sí ẹni tí ó lè jiyàn èyí. Bí a bá fà á dé òpin, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ a gba púpọ̀ nínú ìnira náà kúrò lọ́wọ́ ẹni. Àìsàn tí ó wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn: ó ń bá ẹ̀yìn ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹ̀yìn kọ́. Ìwọ̀n apá ẹnì kan ni a sì ń tò ó sí, ẹlòmíràn kò lè kàn gbà á fà. Bí okùn rẹ̀ bá já, irinṣẹ́ àkànṣe ni a fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò ṣe é ní Dakace, ní ọjọ́ tí ogójì ọmọ bá tò sí orí pápá?

Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì takú pé dandan ni kí òun ra ti òyìnbó, kí ó ra èyí tí a lè tú palẹ̀: ọwọ́ igi àárín rẹ̀ dá wà, apá méjèèjì sì dá wà. Bí ọmọ bá ti lágbára sí i, apá nìkan ni a ó pààrọ̀. Èyí nìkan ni ọrun tí ó jọ bàtà àràsílẹ̀, kí ẹni tí yóò rà á sì rí i pé apá tí ó fúyẹ́ jù lọ ni òun fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti pé kí a jókòó kí a máa dúró de ọrun òyìnbó, èyí ni ó yẹ kí a bínú sí jù lọ. Ìgbà wo ni ọrun ilẹ̀ wa di ohun ẹ̀gàn? Ní 1894, Lugard, tí ó ń gba ilẹ̀ Ìbàrìbá kọjá nítorí ìwé àdéhùn, ni wọ́n ta ní ọfà olóró tí ó wọ̀ ọ́ lórí. Díẹ̀ ni ó kù kí ó má di olórí ìjọba Àríwá ní 1900. Igi inú igbó àti okùn ni wọ́n fi ṣe ọrun tí ó ta ọfà náà, kò sí àmì "lbs" lára rẹ̀. Ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn bí Aláàfin Aólẹ̀ ṣe ta ọfà sí àríwá, sí gúúsù àti sí ìwọ̀ oòrùn nígbà tí ó ń gégùn-ún fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn baba ńlá ènìyàn lọ ní ẹrú, títí di òní olónìí ofá ni wọ́n ń pe ọrun òun ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà la òkun kọjá, kò sọnù. Nínú kíláàsì wa ni ó ti fẹ́ sọnù.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀ka èdè Yorùbá fi ọ̀rọ̀ ọrun sílẹ̀ fún àwọn elére ìdárayá nìkan. Kí olùkọ́ kọ "orun" sí ojú pátákó láìfi àmì sí i, kí ó wá wo ohun tí àwọn ọmọ yóò kà: òmíràn a kà á sí ọrùn tí a so gèlè lókè rẹ̀, òmíràn a kà á sí ọ̀run tí àwọn òkú lọ, òmíràn tilẹ̀ lè máa tòògbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọsán, tí kì í ṣe ọ̀sán, tí kì í sì í ṣe ọsàn tí a ń mu. Àti apó tí a ń kó ọfà sí, tí kì í ṣe àpò. Ẹ̀kọ́ ohùn wo ni ó dùn tó kí ọmọ di ohun náà mú lọ́wọ́ kí ó sì pè é? Ní 1545 kan náà tí ọkọ̀ Mary Rose rì ni Roger Ascham tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọfà títa jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ka èdè Látìn sí èdè ìwé. Àlàyé tí ó ṣe ni pé ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń sọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó kọ́ Elizabeth, ọmọ ọba, ní ìwé, òun náà ni ó sì kọ ìwé lórí iṣẹ́ olùkọ́, tí a tẹ̀ ní 1570 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò rò pé ẹ̀gàn ni fún olùkọ́ èdè láti mọ igi tí ó yẹ ọrun.

Kì í ṣe pé ọrun ìbílẹ̀ kò ní àbùkù. Òmíràn a máa tẹ̀ ní apá kan ju èkejì lọ. Òmíràn a sán lójijì, bí igi rẹ̀ kò bá gbẹ dáadáa. Kí olùkọ́ fa ọsán rẹ̀ lójú ara rẹ̀, kí ó wò ó láti òkèèrè bóyá apá méjèèjì tẹ̀ dọ́gba, kí ó sì fi ọwọ́ pa á wò bóyá ó ti ń là. Èyí tí ó bá là, kí ó dá a nínú iná. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò sì yà nígbà tí a bá ní kí ó gbẹ́ ọrun tí kò le, nítorí ti ọdẹ ni ó mọ̀. Kí a ṣàlàyé fún un. Bí ó ti ń fá a ni kí a máa fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, títí yóò fi bọ́ sí kílò tí a ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù kò ṣeé fi ṣeré ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, níbi tí àwọn ajínigbé ti da oorun mọ́ ọ̀pọ̀ ilé lójú ní àwọn ọdún tí ó kọjá wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá fa ọsán sí ọrun, tí ó gbé e kọ́ èjìká gba ọ̀nà Jos, kí ó má bínú bí wọ́n bá dá a dúró. Kí a tú ọsán kúrò lára ọrun, kí a dì í sínú àpò ìdọ̀họ, kí mai unguwa sì ti gbọ́ ṣáájú. Lórí pápá, kí ẹnikẹ́ni má kọjá ilà nígbà tí ọfà kan bá ṣì wà lórí ọsán. Ọfà tí ó ti inú ọrun kílò 6 jáde lè fọ́ ojú. Ti ẹni tí ó ta ọfà sókè, tí ó yí odó borí, gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó mọ̀ ọ́n lówe. Ní Dakace, kò sí odó lórí pápá.

Ẹni tí ó bá ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò níbẹ̀ kò nílò ẹrù púpọ̀: okùn ìwọnra, òṣùwọ̀n oníkọ́, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ yóò fi kọ́ fífà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, àti ọrun onígi bíi mẹ́fà tí agbára wọn kò dọ́gba. Pòròpórò ọkà bàbà ni kí ó dì pọ̀ ṣe ibi ìtafàsí. Ọ̀fẹ́ ni lẹ́yìn ìkórè, bí ẹran kò bá tí ì jẹ ẹ́ tán. Mítà 10 péré ni kí ó kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ dúró sí. Ní ti àwọn tí ń bẹ̀rù pé ọrun kékeré yóò di òfò bí ọmọ bá dàgbà, kí wọ́n rántí ibi tí bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ mọ́ máa ń lọ. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá fa ọrun kílò 6 rẹ̀, tí ó dúró, tí a ka 10, tí èjìká rẹ̀ kò sì mì, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ti kílò 8 fún un.